Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Ń Bèèrè

Àìkú, 17 Oṣù Kẹjọ

Owó tó wọlé: àsansílẹ̀ Màmá Yíwọlá fún báàjì 640, ₦120,000.

Owó tó jáde: kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ láti Apple Junction, ₦92,000. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti orí rẹ̀ méjèèjì, ₦4,500. Òwú mẹ́fà ní ₦1,900, ₦11,400. Owó ọkọ̀ Clement tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ₦3,000. Àpapọ̀, ₦110,900.

Ó ku ₦9,100.

₦400 ni báàjì kan. Bí a bá rán gbogbo rẹ̀ tán kí ilé-ìwé Màmá Yíwọlá ní Raji Rasaki tó wọlé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀, ₦136,000 ló kù tí wọ́n máa san. Mo ti ná an tán nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ a ò tíì rán ẹyọ kan.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Inú rẹ̀ ni gbogbo àwòrán tí ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù wa fi ń ránṣọ wà, iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án: báàjì ilé-ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àmì ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ tó ń wà lára fìlà àwọn ẹ̀ṣọ́. Iná tó wọlé bí àrá nínú oṣù keje ti jó gbogbo ihò tí à ń ki fúláṣì bọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nínú, bí ẹni tó ń jẹ egungun. Clement ní háàdì rẹ̀, ibi tó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, ló ń kú lọ, pé bí òun bá tú u jáde ó lè má jí mọ́. Ọ̀nà kan tó kù ni ká fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ìyẹn máa da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ₦92,000 fi lọ.

Ajé, 18

Clement to kọ̀ǹpútà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì ìgéṣọ. Tuntun ń rí àtijọ́. Ó tilẹ̀ ń rí orúkọ fódà tó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bó ti fẹ́ wọlé lọ dà á kọ, wọ́n dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní orúkọ tàbí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kò tọ̀nà.

"Mà, ta ló ṣètò kọ̀ǹpútà yìí fún yín?"

"Akọ̀wé ni."

"Mo mọ̀ pé akọ̀wé yín ni, mà. Orúkọ rẹ̀ ni mò ń bèèrè."

"Akọ̀wé náà ni mò ń pè é."

Clement yíjú sí Lilian tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kìíní. Lilian ti ń rẹ́rìn-ín. "Àbúrò ọkọ wọn ni. Ó ti lọ sí Kánádà. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀." Ó wá pe orúkọ náà gbàrà, bí ẹni ń pe ọmọ tó rán níṣẹ́. "Òun ló wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn, wò ó."

Òótọ́ ni, òun ló wà níbẹ̀, lábẹ́ àwòrán orí ènìyàn kékeré tó máa ń hàn láràárọ̀. Clement tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí.

"Ṣé ó dàgbà jù yín lọ ni, mà?"

"Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n inú ilé ló wà nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Ọkọ mi ni."

"Lọ́dọ̀ tiwa, a máa pe orúkọ rẹ̀, a tún máa gbá a létí."

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Akọ̀wé lórí fóònù. Àmì ẹyọ kan ló hàn, kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Epo lítà mẹ́ta, ₦2,670. Ó ku ₦6,430.

Ọjọ́rú, 20

Clement ní òun ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tí Lilian fi ń ṣí kọ̀ǹpútà àtijọ́ láràárọ̀ kì í ṣe páswọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn wà fún. Ẹni tó bá gba inú wáyà wá gbọ́dọ̀ ní páswọ́ọ̀dù gidi. Ó ṣe tuntun kan sí i, ó ní kí n kọ ọ́ síbi tí mi ò ní gbàgbé. Ó tẹ orúkọ, ó tẹ páswọ́ọ̀dù tuntun.

Kò ṣí.

Ó gba ₦5,000 pé òun ti ṣiṣẹ́. Mo ní iṣẹ́ wo? Ó ní, "Mà, dókítà kì í dá owó padà torí pé ibà ò lọ." Lilian rẹ́rìn-ín, mo sì san owó náà. Ó ku ₦1,430.

Akọ̀wé: àmì ẹyọ kan síbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 23

Òjò láti òwúrọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìfowópamọ́ kan wá gbé fìlà wọn, wọ́n san ₦14,000. Mo mí.

Clement dé pẹ̀lú bàtà tó kún fún omi. Ó ní aago ló fa á. Aago inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń sọ pé oṣù kìíní ọdún 2011 la wà, pé bí aago méjì kò bá bára mu, wọn kì í gba ara wọn gbọ́. Mo ní ì bá wù mí kó jẹ́ òótọ́, nítorí ₦65 ni lítà epo kan nígbà yẹn. Bátìrì kékeré tó rí bí bọ́tìnnì, ₦1,500. Owó ọkọ̀ rẹ̀, ₦3,000.

Aago bára mu báyìí. Kò ṣí.

Ó ku ₦10,930.

Ìṣẹ́gun, 26

Ẹ̀rọ kejì ṣẹ́ abẹ́rẹ́ mẹ́ta. ₦1,050.

Ẹtì, 29

Báàjì 230 la ti rán. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ á gbàgbé àwòrán tó wà lórí rẹ̀, àfi kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tún rán an sí i. Iná lọ nígbà mẹ́ta lónìí. Lẹ́ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà dákẹ́, ojú rẹ̀ dúdú, Lilian sì gbé ọwọ́ lé orí. Ó tó bí ẹni se ìrẹsì jinná kó tó tún tàn. Mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà náà. Lilian ní, "Mà, ẹ dìde, oníbàárà ń bọ̀."

Mo lọ bi ọkùnrin kan ní Kuje ládùúgbò wa níbí tó ń ya àwòrán fún ẹ̀rọ bíi tiwa, pé èló ló máa gbà tó bá di pé a ní láti tún gbogbo rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ₦9,000 lórí ọ̀kan. Ti ilé-ìwé nìkan, mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́nà ₦9,000 jẹ́ ₦279,000. Mi ò bèèrè ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rìn padà wálé kí n má baà san owó ọ̀kadà.

Epo lítà márùn-ún, ₦4,450. Ó ku ₦5,430.

Bàbá Tolú, ọkọ mi, ní bóyá Akọ̀wé ti yí nọ́ńbà padà. Mo ní, "Àbúrò yín ni, ẹ̀yin ò mọ̀?" Ó ní ìyá wọn ló máa mọ̀.

Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Mo pe Ìyá wa ní Òṣogbo.

"Ìyá Tolú, ìwọ náà rèé? Mo ti rò pé fóònù rẹ sọnù."

"Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ pọ̀, ẹnu ò pọ̀? Ṣé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ ti san?"

"Ó ti san, mà. Mà, nọ́ńbà Akọ̀wé ni mo..."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi lo ń wá."

Mo tọrọ àforíjì, mo bèèrè orúnkún, mo bèèrè ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ké, mo bèèrè adìẹ. Nígbà tí nọ́ńbà fi jáde, ₦1,000 ti jó nínú fóònù. Ó ku ₦4,430.

Ọjọ́rú, 3

Ó gbé e. Aago kan ọ̀sán tiwa ni, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́hùn-ún.

"Ìyàwó wa! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Háàdì kọ̀ǹpútà ló ń kú lọ."

"Èwo? Èyí tí mo fi sílẹ̀? Ẹ ṣì ń lò ó! Ẹ̀yin àti owó yín."

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un: wáyà, nọ́ńbà mẹ́rin, páswọ́ọ̀dù, bátìrì. Ó gbọ́ ọ tán.

"Orúkọ wo ni wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀?"

"Orúkọ yín tó wà lójú rẹ̀ ni."

"Kí ni orúkọ mi?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín nínú imú.

"Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá sọ èyí tó kù fún yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, dátà ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò sí nítòsí. Ẹ pè é."

"Akọ̀wé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ẹ ti pè é! Òun náà nìyẹn."

Orúkọ méjì ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Ó ní nígbà tí òun ń tò ó, èmi ni mo fẹ́ máa ṣí i, òun sì mọ̀ pé bí òun bá fi orúkọ òun síbẹ̀, màá jókòó tì í di ìrọ̀lẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Ló bá fi Akọ̀wé ṣí i. Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ta ni Akọ̀wé, ó yí èyí tó ń hàn lójú padà sí orúkọ rẹ̀ gangan. Ojú nìkan ló yí padà. Nísàlẹ̀, Akọ̀wé ni kọ̀ǹpútà ṣì mọ̀. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ kò lè rí ìyàtọ̀. Ẹni tó bá gba wáyà wá, ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa bi í.

"A, K, O, W, E. Ẹ má fi àmì kankan sí i."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú mi, mo sì tún rántí ₦9,500 tí mo ti san lórí orúkọ tí mo fi dá Clement lóhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú bí mi díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìyàwó wa, èmi náà ní ohun tí mo fẹ́. Fódà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tèmi. Àwòrán tí mo ń yà fún ara mi ni, kì í ṣe ti oníbàárà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ránṣọ bíi tiwa ti pè mí wá lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n ní kí n mú iṣẹ́ ọwọ́ mi dání. Páálí ni mò ń gbé níbí láti alẹ́ dòwúrọ̀, ẹ̀yìn mi ti ń kọ̀."

Mo ní, "Ìyẹn ò tó ohun tí ẹ ń bẹ̀ mí fún. Ó ti dọ́wọ́ yín."

Dátà, ₦1,500. Ó ku ₦2,930.

Ọjọ́bọ̀, 4

Clement tẹ akowe. Ó ṣí.

Ó wò mí. "Mà, ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Mo sọ ọ́."

"Mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ ń sọ."

Gbogbo fódà tò sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà tuntun. Lilian pàtẹ́wọ́. Àmọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ inú àtijọ́ ti le sí i, Clement sì gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí òun bá ní kó kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè ṣubú lójú ọ̀nà. Ká máa mú un ní fódà kọ̀ọ̀kan. "Èwo ló máa kọ́kọ́ lọ, mà?"

Mo ní ti Màmá Yíwọlá. Kò pẹ́ rárá, ó wọlé.

"Èwo ló kàn?"

Lilian ní, "Ti Bọ̀dá tó wà ní Kánádà ò pọ̀, mà."

Kò pọ̀ lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́ síbẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án fún Tèmi, ogójì ìṣẹ́jú fún ti àwọn ilé-ìwé yòókù. Mo rí i. Mo tún rí ₦279,000 ọkùnrin Kuje. Ti Akọ̀wé, kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀.

Mo ní, "Ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà Tèmi."

Lilian padà sídìí ẹ̀rọ.

Ilé-ìwé wọlé pé. Ṣọ́ọ̀ṣì wọlé pé, bó tilẹ̀ ń dúró, tó ń tún bẹ̀rẹ̀. Tèmi bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan nínú 212, méjì, mẹ́ta. Nígbà tó di méje, kẹ́kẹ́kẹ́ náà dáwọ́ dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé ara rẹ̀ ti balẹ̀ ni.

Clement pa á, ó tàn án. Ó pa á, ó tàn án. Ó tú u, ó fi ọwọ́ kan háàdì náà, ó ní ó gbóná bí ìkòkò. Ó ní àwọn kan wà tó lè tú irú rẹ̀ nínú yàrá tí kò ní eruku, ₦350,000, wọn kì í sì í ṣèlérí.

Iṣẹ́ Clement, ₦20,000. Mo fún un ní ₦2,000, mo jẹ ẹ́ ní ₦18,000. Ó ku ₦930.

Àbámẹ́ta, 6

Akọ̀wé kọ̀wé: "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ó ti bọ́ sí i?" Mo kà á láti òkè láìṣí i, kó má baà rí i pé mo ti kà á.

Báàjì 505.

Àìkú, 7

Mi ò gbọ́ ìwàásù. Mo ń ṣírò ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án náà. Bí ó bá ti wà ní ipò kejì, àmì ṣọ́ọ̀ṣì méjì tàbí mẹ́ta ni ì bá sọnù, ká sọ pé ₦27,000. Mo ti rí ₦27,000 san rí.

Ajé, 8

Bàbá Tolú ní, "Pè é. Má kọ ọ́ sí i."

Mo ní, "Ẹ bá mi pè é, àbúrò yín ni."

"Èmi kọ́ ló ní kí wọ́n fi ilé-ìwé ṣáájú."

Mo pè é.

"Mélòó ló wọlé?"

"Méje."

"Nínú igba ó lé méjìlá." Kì í ṣe ìbéèrè. "Ẹ ka orúkọ wọn fún mi."

Mo kà wọ́n.

"Ẹyẹ ọ̀kín ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Oṣù mẹ́rin ni mo fi ya ìrù rẹ̀." Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ṣé fódà náà ni háàdì kọ́kọ́ kọ̀ ni, àbí òun ni ẹ mú kẹ́yìn?"

Mo lè sọ pé háàdì ló kọ̀ ọ́. Kò sí bó ṣe máa mọ̀.

"Mo fi ti ilé-ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú."

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ti ilé-ìwé ló ń bọ́ yín."

"Akọ̀wé..."

"Ẹ bá mi kí Tolú."

Ó gé e. Kò pè mí ní ìyàwó wa kó tó lọ.

Mo fi méjèèje ránṣẹ́ sí i. Ó wò wọ́n.

Ọjọ́rú, 10

Òní ni ilé iṣẹ́ yẹn ní kó wá. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Báàjì 610.

Ẹtì, 12

A gbé báàjì lọ sí Raji Rasaki, èmi àti Lilian, nínú àpò ìrẹsì méjì. Màmá Yíwọlá kà á fúnra wọn, ní mẹ́wàá mẹ́wàá, wọn ò gbà kí akọ̀wé ilé-ìwé bá wọn kà.

"Ìyá Tolú, o ti rù. Ṣé o ń gbààwẹ̀ ni?"

"Iṣẹ́ ni, mà."

Wọ́n gbé ọ̀kan sókè sójú fèrèsé. "Iṣẹ́ yìí mọ́. Ó mọ́ ju ti ibi tí mo ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀. Ta ló bá ọ ya ẹyẹ yìí?"

"Àbúrò ọkọ mi ni, mà. Ó ti yà á kó tó lọ sí Kánádà."

"Sọ fún un pé mo kí i. Ọwọ́ rẹ̀ mọṣẹ́."

Mo ní màá sọ fún un. Wọ́n san ₦136,000 pé, láìdín kọ́bọ̀. Lilian ń kọrin nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí à ń bọ̀.

Mo kọ ìkíni náà sí Akọ̀wé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó fèsì lẹ́yìn wákàtí díẹ̀: "Ẹ ṣé. Wọ́n ní àwọn máa pè mí tí àyè mìíràn bá ṣí." Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èmi náà máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń wáṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 13

Bàbá Tolú ló ń bá mi ra epo láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì fẹ́ kí n dá a padà. Mo jókòó ṣírò.

Owó tó wọlé: ₦136,000. Èyí tó wà nílẹ̀, ₦930.

Owó tó jáde: gbèsè Clement, ₦18,000. Owó oṣù Lilian, ₦45,000. Òwú àwìn, ₦7,600. Ìdajì owó ṣọ́ọ̀bù fún onílé, ₦60,000. Àpapọ̀, ₦130,600.

Ó ku ₦6,330.

Clement gbé háàdì kékeré kan àti wáyà rẹ̀ wá láìgbowó, ó ní kí kọ̀ǹpútà tuntun náà ní ìkejì tí yóò máa dà á kọ lálaalẹ́ kí ó má baà tún rí bẹ́ẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀ lójú mi, ó sì wọlé. Mo dúpẹ́. Inú mi ò dùn tó bí mo ṣe rò.

Gbèsè tó kù:

Onílé, ìdajì kejì, ₦60,000, òpin oṣù kẹwàá.

Akọ̀wé, àwòrán 205 tí kò wọlé, ní ₦9,000 tí ọkùnrin Kuje ń gbà lórí ọ̀kan. Kò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. ₦1,845,000. Mi ò tíì san nǹkan kan nínú rẹ̀.